Sobìà, Ìyá Àgbà, àti Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé Wa

Láàárọ̀ àná, ọmọ-ọmọ mi tó kéré jù lọ bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rò pé mo lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ Ifẹ̀ tiwa ní agbègbè Atakpamé níhìn-ín láéláé. Mo ń bá bàbá rẹ̀ wí nítorí eyín kan tó ti ń dùn ún láti ìgbà tí a ti kórè ẹ̀pà, tí kò sì lọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní, "Kí sobìà tó di egbò, olúgàǹbe là á ké sí." Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Màmá, kí ni sobìà?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo yíjú sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn náà ń wo ara wọn. Omi bá bọ́ lójú mi. Ẹ rò pé mo ń bínú. N kò bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ọmọ tí a bí sórí ilẹ̀ yìí bá lè máa béèrè ohun tí sobìà jẹ́, a jẹ́ pé àwọn kan ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì yọrí. Àrùn ti lọ, òwe rẹ̀ nìkan ló kù sílé. Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. N óò sọ bó ṣe lọ fún yín, àti àwọn tó lé e lọ, nítorí kò dá lọ fúnra rẹ̀.

Aràn ni sobìà. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó sì gùn ju apá mi yìí lọ. Inú omi la ti ń mu ún láìmọ̀. Yóò gbé inú ara èèyàn fún ọdún kan gbáko, kò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún ni, yóò máa ta bí ìgbà tí iná jó ni, yóò wú, yóò lé ròrò. Ròrò náà yóò bẹ́, orí aràn yóò yọ síta. Ẹni tó bá mú lè wà lórí ẹní fún oṣù méjì. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni àkókò tó máa ń yàn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tó yẹ kí ọkùnrin máa kọ ebè kí obìnrin sì máa gbin àgbàdo, ìgbà náà gan-an ni yóò so agboolé mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ò mọ bí abúlé ṣe ń dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ayé ìgbà náà, bí odó iyán kan bá ti dún ní agboolé wa, òmíràn á dá a lóhùn lẹ́bàá ilé-ìwé, ẹ̀kẹta á gbà á lẹ́nu wọn lójú ọ̀nà Elavagnon. Ṣùgbọ́n bó bá di oṣù sobìà, o lè dúró síta títí ilẹ̀ á fi ṣú, o ò ní gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Kò sẹ́ni tó lè dúró gún iyán. Gàrí la ń rẹ. Títí di òní yìí, bí abúlé bá dákẹ́ jù nírọ̀lẹ́, àyà mi máa ń já, bẹ́ẹ̀ ó sì lè jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni gbogbo yín lọ wò.

Adágún omi tí à ń mu nígbà yẹn wà ní ìsàlẹ̀ ilé-ìwé. Omi Àgbà là ń pè é. Omi òrìṣà ni, ìyá tó bí bàbá mi ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pe òun náà. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, aṣọ funfun tó ń ró máa ń wọ́lẹ̀ débi pé a kì í rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọrọọrún, á gbé ẹ̀kọ tútù àti obì lọ sórí òkúta tó wà láàárín omi. Lọ́jọ́ ọdún iṣu, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu tuntun kí Ìyá Àgbà tó gbé tirẹ̀ débẹ̀. A ó dúró létí omi, a ó máa gbé itọ́ mì. Bó bá ti yíjú padà báyìí, gbogbo àwa ọmọdé á rọ́ wọnú omi, a ó máa fọ́n ọn síra wa lójú, àwọn ìyá wa á máa pọn omi láàárín wa. Ayọ̀ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní egbò lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá.

Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ sobìà níwájú Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ. "Omi kò lọ́tàá. Ẹni tó bá ṣẹ Omi Àgbà ni Omi Àgbà ń nà." Nítorí náà, ẹni tí sobìà bá mú máa ń fi pamọ́ bí ẹni tó jalè. Nígbà tó mú èmi náà, kíláàsì kẹrin ni mo wà. Mo fi àkísà dì í lábẹ́ aṣọ, mo sì ń tiro lọ sílé-ìwé.

Tíṣà wa, tí à ń pè ní Mẹ́tìrì bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n níhìn-ín, kì í ṣe èèyàn burúkú. Kìkì pé kò fẹ́ ìpẹ́lẹ́yìn ni. Agogo ilé-ìwé jẹ́ irin táyà ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò. Bó bá ti lù ú tán, ẹni tó bá kù síta, pàṣán ló máa pàdé. Ìdajì àga kíláàsì rẹ̀ ló ṣófo lóṣù yẹn; ó rò pé oko ni àwọn òbí kó wa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta léra wọn ni mo pẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó nà mí ní pàṣán mẹ́ta ní àgbàlá ilé-ìwé, ó ní ọ̀lẹ ni mí. N kò sọ ìdí. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á gbọ́ nílé pé ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣẹ Omi Àgbà.

Inú oṣù yẹn ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ọmọ ìlú Notsé, Afí lorúkọ rẹ̀. Atakpamé ló ń gbé, ilé-ìwé mẹ́rin ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni tiwa. Mòbílẹ́ẹ̀tì ló ń gùn, alùpùpù kékeré tí èèyàn tún lè wà ní pẹ́dààlì bí kẹ̀kẹ́, àpótí onígi kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó yọ, a ó ti gbọ́ ọ láti òkè odò, á máa wúkọ́ bí arúgbó tó gbé tábà mì. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni Mẹ́tìrì fún un. Ó gbá a, ó fi ẹfun kun ún, ó sì sọ ọ́ di yàrá ìtọ́jú.

Èwe ni èdè tirẹ̀. Ó ń tiraka láti sọ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ máa ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró níwájú wa, ó fẹ́ sọ pé, "Màá ní kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé." Ohun tó jáde ni, "Màá ní kí wọ́n fọ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé." Kíláàsì kìíní gba ojú fèrèsé jáde lọ sínú igbó. Títí di ọ̀sán ni wọ́n fi ń wá wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì, mòbílẹ́ẹ̀tì gbé e ṣubú sínú odò lójú ọ̀nà, gbogbo báńdéèjì rẹ̀ sì rin. Ó sá wọn sórí ọgbà ilé-ìwé kí wọ́n gbẹ, aṣọ funfun gbọọrọ gbọọrọ yí gbogbo ọgbà po. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko rí i, wọ́n rò pé ààlè ni. Wọ́n gba ẹ̀yìn oko ẹlòmíràn lọ sílé. Odidi ọ̀sẹ̀ kan kò sẹ́ni tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé kọjá. Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò gbọdọ̀ kọjá láìrí i. Ó ń wo orí wa bóyá làpálàpá wà níbẹ̀, ó ń gé èékánná, ó ń fún wa ní oògùn aràn inú. Ó so òṣùwọ̀n kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó ń wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí iṣu ọjà. Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní òmùgọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó ka ohun tó wà lójú pátákó láti ẹ̀yìn, kò rí i. Ó ní kí wọ́n gbé e wá síwájú. Oṣù kejì, ó ti ń kàwé jù mí lọ. Ohun tí à ń wò lójoojúmọ́ tí a kò rí, òun rí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí mi. Mo tò sẹ́yìn, mo ń fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn èkejì. Ó ní kí n bọ́ síwájú. Ó tú àkísà náà, ó rí sobìà tó yọ orí, ó tún rí lápá pàṣán ní itan mi.

Ó ní, "Ta ló nà án?"

Mẹ́tìrì ní, "Èmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pẹ́."

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi wá, Mẹ́tìrì." Ó gbé omi wá nínú garawa. Nọ́ọ̀sì ki ẹsẹ̀ mi bọ inú rẹ̀, ó jẹ́ kó rọ̀, ó wá fi igi ìṣáná kan mú orí aràn náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ká òwú. Nígbà tó gùn tó ìka kan, ó dúró. Ó di igi ìṣáná náà mọ́ ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú báńdéèjì. Ó ní kí wọ́n lọ da omi garawa yẹn sínú ihò lókè, kó jìnnà sí adágún.

Ó ní, "Ìwọ̀nba tó fẹ́ jáde lónìí nìyẹn. Lọ́la, ó tún kù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mo ń wá, aràn yìí kò sì mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni yóò máa yí i fún un ní ọjọ́ yòókù?"

Ó yíjú sí tíṣà wa.

"Mẹ́tìrì, ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ ìwé ni wọ́n gbà mí fún."

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gbé e dé kíláàsì, kí ni ẹ fẹ́ kọ́ ọ?"

Ní ọjọ́ kejì, kí agogo tó lù, Mẹ́tìrì pè mí sí yàrá nọ́ọ̀sì. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì gbé ẹsẹ̀ mi sínú omi. Mo bú sẹ́kún, nítorí n kò tíì rí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọdé rí. Ó rò pé ó ń dùn mí ni. Ó ní, "Má bínú," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá nítorí aràn ló fi sọ ọ́ tàbí nítorí pàṣán.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti tó mọ́kànlá lórí àga gígùn kan níwájú yàrá yẹn, láàárọ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan níta, Mẹ́tìrì ń ti orí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíràn. Pàṣán rẹ̀ kò kúrò lójú fèrèsé o, ó ń fi na àwọn aláriwo. Ṣùgbọ́n kò na ẹni tó pẹ́ mọ́ láìkọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ní kí oníkálukú bu omi ilé rẹ̀ wá nínú ìgò. Ó gbé ìgò tèmi sókè sí oòrùn. A rí àwọn nǹkan tíntìntín, wọn kò tó ẹyin iná orí, wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú omi. Ó fi aṣọ funfun tó nípọn sẹ́ omi náà, omi mọ́, àwọn nǹkan náà kù sórí aṣọ. Ó ní àwọn yẹn ló ń gbé ọmọ sobìà mì, bí a bá sì ti mu wọ́n, a ti mu sobìà nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti yọ, bó bá ki ẹsẹ̀ bọ adágún, sobìà á tún da ọmọ sínú omi fún ti ọdún tó ń bọ̀.

Ẹnu mi kò gbà á. Mo délé, mo bá Ìyá Àgbà nídìí ìkòkò, mo ní, "Ìyá Àgbà, inú Omi Àgbà ni sobìà wà. Mo fojú mi rí i."

Ó gbé ahá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"O kò ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Bàbá mi wà níbẹ̀. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó jáde. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Àgbà tú báńdéèjì mi, ó ní àwọn ìyá òun kò fi igi ìṣáná wo ẹsẹ̀. Ó fi epo àti ewé pa á, ó di orí aràn náà mú, ó sì fà á, nítorí ó fẹ́ kí n tètè sàn. Ìfẹ́ ni, ẹ má ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Aràn náà já sínú. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún, ó ń dán, ibà sì mú mi débi pé n kò mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì ka àwọn tó wà lórí àga, kò bá mi. Ó wá sílé wa, Mẹ́tìrì tẹ̀lé e. Èmi wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n wà lódìkejì odò. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Ìyá, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn Atakpamé lónìí. Bó bá di ọ̀la, ẹsẹ̀ lè lọ. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ lo sọ pé omi mi dọ̀tí."

"N kò bá omi yín jà, Ìyá. Omi kọ́ ló bí sobìà. Ẹsẹ̀ wa ló ń gbé e wọ̀ ọ́."

Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Láyé ìyá mi, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ wọ Omi Àgbà. Etí rẹ̀ la ń dúró sí, lórí àwọn òkúta, a ó fi ahá ọlọ́wọ́ gígùn bù ú. Ọdún kan, ọ̀dá dá. Omi fà sẹ́yìn, a kò lè na ọwọ́ bá a mọ́. A bá wọ inú rẹ̀. Nígbà tí òjò padà, kò sẹ́ni tó padà sórí òkúta."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ìgbà wo ni sobìà wá pọ̀ tó báyìí nílùú?"

Ìyá Àgbà wò ó. "Lẹ́yìn ìgbà náà ni," ó ní. Ó tún un sọ. "Lẹ́yìn ìgbà náà ni."

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ọ̀kan nínú aṣọ funfun rẹ̀ jáde. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi gbà mí mọ́ ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì lórí mòbílẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ohun tí mo rántí nínú ìrìn yẹn ni òógùn ọrùn rẹ̀, àti pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní Èwe láìsinmi kí n má baà sùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kò lọ. Orúnkún yìí kò ká tán láti ìgbà náà. Ìdí nìyí tí n kì í fi í jókòó sórí ẹní pẹ̀lú yín.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà ni Ìyá Àgbà pe gbogbo obìnrin àti ọmọdé sétí omi. Òun jókòó sórí àpótí lókè, ó jìnnà sí omi. Ó ní òfin àwọn ìyá òun padà dé. Kò sí ẹsẹ̀ tí yóò wọ Omi Àgbà mọ́, egbò wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Orí òkúta ni wọn ó ti máa pọn ọ́n. Kò sí ìkòkò tí wọn ó da omi sí nílé láìkọ́kọ́ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, nítorí funfun ni òrìṣà náà fẹ́.

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó ilé kan tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń wọnú omi jù gbogbo wa lọ, láti gbé ẹ̀kọ dé orí òkúta."

Ìyá Àgbà fa aṣọ rẹ̀ sókè. Ìyẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkísà wà ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó tú wọn. Sobìà ń jáde lọ́tùn-ún, ó ń jáde lósì, àpá àwọn tó ti kọjá sì kún ojúgun rẹ̀ bí ibi tí àdá ti bẹ́ igi.

Ó ní, "Lọ́dọọdún ló ń yọ lára mi. Mo rò pé Omi Àgbà ń bínú sí mi, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti òní lọ, èmi náà kò wọ omi. Ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ dá ni yóò máa gbé ẹ̀kọ lọ sórí òkúta etí omi."

Obìnrin tó bi í léèrè kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. Kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo bu omi sínú garawa. Mo ti wo ọwọ́ Mẹ́tìrì tó. Mo gbé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà sínú omi, mo jẹ́ kó rọ̀, mo fi igi ìṣáná mú orí aràn, mo yí i ní ìwọ̀n ìka kan, mo sì dúró. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Rọra. Èmi ò kánjú mọ́."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nọ́ọ̀sì kò lè fún omi lófin. Ìyá Àgbà kò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò. Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀. Ó lé ìjòyè kan padà lọ́jọ́ kan, ìjòyè náà bínú fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ń wo aṣọ ẹnu ìkòkò bóyá ó ti ya. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, a kù mẹ́fà lórí àga gígùn yẹn. Lọ́dún kejì, méjì. Lọ́dún tó tún tẹ̀lé e, Mẹ́tìrì jókòó síwájú yàrá nọ́ọ̀sì pẹ̀lú garawa rẹ̀ fún odidi oṣù kan, ẹnikẹ́ni kò wá. Ó bá gbé àga náà padà sínú kíláàsì, nítorí àwọn tó fẹ́ jókòó ti pọ̀ jù.

Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Àgbà kú sínú ọjọ́ ogbó. Èmi ṣe sẹ̀tífíkà, ìdánwò ìparí ilé-ìwé, mo yege, mo sì dáko títí ọjọ́ ogbó fi dé bá èmi náà. N kò di nọ́ọ̀sì. Ẹ má wá ìyẹn nínú ìtàn mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá tí n kì í wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an. Ìjì òjò tó kọjá ti gbé páànù yàrá nọ́ọ̀sì lọ, gbogbo yín ló mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló lè dé ọ̀dọ̀ wa, inú oòrùn ló sì ti ń tọ́jú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà kò fẹ́ tú aṣọ níta, wọ́n ń sá. Mo lọ sí ìpàdé àwọn òbí lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n ní ká dúró de ìjọba. Wọ́n ní sobìà kò sí mọ́, kí ni à ń kánjú sí?

Mo dìde pẹ̀lú ọ̀pá mi. Mo ní ibà ṣì wà, etí ń ṣọyún, àwọn ọmọ mẹ́ta wà ní kíláàsì kejì tí wọ́n ń di ojú pọ̀ kí wọ́n tó rí pátákó. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ dúró kó máa dúró. Yàrá iwájú ilé mi ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn méjì, kò sì jìnnà sí ilé-ìwé. Ó di yàrá nọ́ọ̀sì títí wọn ó fi kan páànù tiwọn.

Bàbá yín bi mí nígbà tí a délé pé, "Màmá, níbo lẹ ó wá máa sùn?" Mo ní nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo ti ń kó àgbàdo sí. Àgbàdo lè lọ sókè àjà. Ó ní ojú ayé kò ní gbà á pé kí arúgbó fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ojú ayé ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀túnla ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bọ̀, ogiri yẹn kò sì tíì rí ẹfun. Ó tó, ẹ dìde. Ìwọ tó kéré jù, lọ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin méjì tí ẹ lágbára, ẹ di orí bẹ́ẹ̀dì mi mú, ká gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Èmi yóò di ìdí rẹ̀ mú.